Ṣé Oúnjẹ Lè Di Bárakú Bíi Sìgá?

Bí ó bá ti tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ti ká ọjà rẹ̀ wọlé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, tó ka owó tán, tó pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé díẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀: búrẹ́dì. Kì í ṣe búrẹ́dì òun ẹ̀wà o, kì í sì í ṣe búrẹ́dì òun tíì. Búrẹ́dì lásán ni, èyí tó gbóná, tó rọ̀ bí òwú, tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì ń làágùn. Á ra odidi kan, á mú mínírà tútù kan tì í, á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn káńtà. Ó ní òun kì í mọ ìgbà tí òun ń jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ìgbà tí ọwọ́ òun bá ń ta ọ̀rá lásán ni òun tó ń mọ̀ pé ó ti tán.

Ọkọ rẹ̀ ní wọ̀bìà ni. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní aràn ló ń jẹun nínú rẹ̀, kó lọ wá àgbo mu. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀mí kan ló ń bá a jẹun, ó tilẹ̀ ti dá ọjọ́ àdúrà fún un. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹnì kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé àwọn òyìnbó ti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ṣúgà burú ju kokéènì lọ.

Ìyẹn ló bà á lẹ́rù tó fi pè mí. “Àbúrò mi, ìwọ lo máa ń kàwé nípa àìsàn. Ṣé búrẹ́dì lè di bárakú séèyàn lára bíi ti àwọn ọmọ tó ń mu igbó yẹn? Àbí oníwọ̀bìà lásán ni mí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.” Ọjọ́ díẹ̀ náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìbéèrè méjì ló dì pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ìkíní: ṣé jíjẹun lè gba ìjánu lọ́wọ́ èèyàn, kó máa jẹ nígbà tí kò fẹ́ jẹ, kó máa pinnu pé òun ò ní ṣe é mọ́, kó sì tún padà sídìí ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, wọ̀bìà kọ́ ló sì ń ṣe wọ́n. Ìkejì: ṣé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀ tó ń de èèyàn mọ́lẹ̀ bí nicotine, èròjà inú tábà, ṣe ń de amusìgá? Ibí yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fa á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí di òní. Ẹni tó bá kó ìbéèrè méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà ló máa ń sọ pé “irọ́ ni” tàbí “òótọ́ ni” láìmọ èwo lòun ń dáhùn.

Èdè wa náà ò ràn wá lọ́wọ́ tó níbí. Áásà di bárakú fún bàbá àgbà, obì di bárakú fún ìyá àgbà, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù di bárakú fún ọmọ ọmọ wọn, òfófó pàápàá a máa di bárakú. Gbogbo ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára tí kò lè fi sílẹ̀, bárakú là ń pè é. Àwọn dókítà ò jẹ́ kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, tí wọ́n ń pè ní DSM-5, àmì 11 ni wọ́n tò fún bárakú ọtí àti oògùn. Kí èèyàn máa lò ó ju bó ṣe pinnu lọ. Kó fẹ́ dín in kù kó má lè ṣe é. Kí àkókò rẹ̀ máa bá a lọ. Kí ó máa wù ú débi pé kò lè ro nǹkan mìíràn. Kí iṣẹ́ tàbí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Kó mọ̀ pé ó ń pa òun lára, kó sì tún máa lò ó. Kí èyí tó ń tó o tẹ́lẹ̀ má tó o mọ́. Kí ara máa ni ín nígbà tí kò bá rí i. Àwọn yòókù náà ò jìnnà sí ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá ní méjì nínú wọn láàárín ọdún kan, ó ti wọ ibẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ ti le.

Mo ka àwọn àmì náà sí ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù. Ńṣe ló ń dáhùn bí ẹni tó ń ṣe àmín: “Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni.” Nígbà tí mo dé orí “kí èyí tó ń tó o tẹ́lẹ̀ má tó o mọ́,” ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, “Búrẹ́dì kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀.”

Àmọ́ ìwé yẹn kan náà ò fi oúnjẹ sínú àwọn bárakú. Ó fi tẹ́tẹ́ síbẹ̀, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà pé ohun tí èèyàn ò mu, tí kò fà símú, tí kò sì gún mọ́ra lè di bárakú gidi. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi gémù orí fóònù àti kọ̀ǹpútà sínú ìwé tirẹ̀, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Oúnjẹ ò sí níbẹ̀ náà. Nítorí náà, bí dókítà kan bá sọ fún yín pé kò sí àìsàn tó ń jẹ́ bárakú oúnjẹ nínú ìwé àwọn, òótọ́ ló sọ. Àìsàn tó wà nínú ìwé wọn tó sún mọ́ ọn jù ni ti ẹni tó ń jẹ àjẹkì lójijì: kó jókòó, kó jẹ oúnjẹ tó pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn lè jẹ láàárín àkókò kan náà, kó máa yára jẹ, kó jẹ títí inú á fi máa ro ó, kó máa fi pamọ́ fáwọn èèyàn nítorí ìtìjú, kí ojú ara rẹ̀ sì máa tì í lẹ́yìn náà. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní orúkọ fún un, wọ́n sì ní ìtọ́jú fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti 1956 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Theron Randolph, ti kọ̀wé nípa bárakú oúnjẹ. Ní 1960, ní Los Angeles, obìnrin kan dá ẹgbẹ́ Overeaters Anonymous sílẹ̀ fún àwọn tí àjẹkì ń dà láàmú, ó gbé e karí ìlànà ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ashley Gearhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale gbé ìwọ̀n kan jáde ní 2009 ni ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè 25 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní 2016 kó lè bá àmì 11 yẹn mu. Wọ́n mú àwọn àmì ọtí àti oògùn, wọ́n kàn fi oúnjẹ rọ́pò ni. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí tí wọ́n ti fi ìwọ̀n náà ṣe ní ilẹ̀ púpọ̀ jọ, nǹkan bí àgbàlagbà 14 nínú 100 ló bọ́ sínú rẹ̀.

14 nínú 100! Ẹ má tíì pariwo. Èèyàn lè fi kóńgò gàrí wọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Kóńgò á kún, á sì gún régé lórí, àmọ́ ìyẹn ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di gàrí. Ìwọ̀n yẹn fi hàn pé àwọn kan ń jìyà, wọ́n sì pọ̀. Kò fi hàn pé ohun tó ń jẹ wọ́n níyà ni ohun tó ń jẹ ọ̀mùtí níyà. Láti mọ ìyẹn, àfi ká wo inú ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí Yorùbá ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́: “ó wù mí” àti “ó dùn mọ́ mi.” A mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó ń wuni lè má dùn mọ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó gba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó rí i pé ibi tí méjèèjì ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ síra. Kent Berridge ní Yunifásítì Michigan ló ṣe é jù. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú àwọn eku kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo dopamine run nínú ọpọlọ wọn. Dopamine ni èròjà tí gbogbo ayé ń pè ní èròjà ìgbádùn. Eku wọ̀nyí ò wá oúnjẹ mọ́. Bí wọn ò bá fi oúnjẹ bọ́ wọn, ebi ni ì bá pa wọ́n kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n á máa lá ètè wọn gẹ́gẹ́ bí eku yòókù. Ó ṣì ń dùn mọ́ wọn. Kò kàn wù wọ́n mọ́ ni.

Nítorí náà, èròjà wíwù ni dopamine, kì í ṣe èròjà dídùn. Ohun tí bárakú máa ń ṣe ni pé ó máa ń wú wíwù náà bí àkàrà inú epo, nígbà tí dídùn á dúró síbi tó wà, tàbí kó tilẹ̀ máa rọ̀. Ẹ bi ẹni tó ti mu sìgá fún ogún ọdún bóyá sìgá òní dùn bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Ìdí nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ tí mo bá bù ú ló máa ń dùn. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá nínú ìyókù.”

Lórí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, oúnjẹ àti oògùn jọ ń gba ojú ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù WhatsApp ti máa ń sáré lọ. Orin aládùn náà máa ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Rírí ọmọ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi náà máa ń gbà á. Ojú ọ̀nà yẹn ò tilẹ̀ tìtorí oògùn wà; ìtorí oúnjẹ àti ọmọ bíbí ni Ẹlẹ́dàá ṣe là á. Oògùn ló wá já a gbà. Pé oúnjẹ ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ kọjá kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ni.

Ti ṣúgà àti kokéènì yẹn ńkọ́? Orí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2007, ni ìtàn náà dúró lé. Wọ́n gbé omi dídùn àti kokéènì síwájú àwọn eku pé kí wọ́n mú ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì mú omi dídùn. Òótọ́ nìyẹn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé saccharin, èròjà adùn àtọwọ́dá tí kò ní ṣúgà rárá, ló wà nínú omi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu eku ló yàn án, nítorí ohun dídùn ni ọ̀pọ̀ ẹranko máa ń tètè lọ bá nínú igbó. Eku tó bá fi ẹ̀wà sílẹ̀ lọ bá àkàrà, kò túmọ̀ sí pé àkàrà ti di oògùn.

Iṣẹ́ méjì mìíràn ló wúwo jù lójú mi. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Florida, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Paul Johnson àti Paul Kenny ló kọ ọ́ ní 2010. Wọ́n fún àwọn eku ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá, sọ́séèjì, kéèkì àti ṣokoléètì ní gbogbo ọjọ́. Eku sanra, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ibi tó ń gba dopamine nínú ọpọlọ wọn dín kù, bó ṣe máa ń rí lára àwọn tó ń lo oògùn olóró. Wọ́n wá ń tan iná kan tí eku ti mọ̀ pé iná mànàmáná ló máa tẹ̀ lé e. Eku tó ń jẹ oúnjẹ lásán á sá. Àwọn eku kéèkì ń jẹ lọ ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n sì gba kéèkì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n dá oúnjẹ lásán padà, wọn ò fẹ́ẹ́ fẹnu kàn án.

Èkejì ni ti Yunifásítì Princeton, níbi tí Bart Hoebel àti Nicole Avena ti ṣiṣẹ́ lórí ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí inú rẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á fi ebi pa eku fún wákàtí 12, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní oúnjẹ àti omi ṣúgà fún wákàtí 12. Bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Láìpẹ́, eku á ti máa ya bo omi ṣúgà náà ní gbàrà tí wọ́n bá gbé e dé. Nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn tó ń dí ipa mọfíìnì, oògùn apàrora tó ń di bárakú, lọ́wọ́ nínú ọpọlọ, eyín rẹ̀ ń pa kékèké, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹni tí wọ́n já oògùn gbà mọ́ lọ́wọ́ ló ṣe rí. Àwọn oníròyìn gbé e: ṣúgà jẹ́ bárakú!

Àmọ́ eku tí wọn ò fi ebi pa, tí omi ṣúgà wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń mu ún, ó ń kúrò nídìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣúgà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà, kí ló dé tí èyí ò fi mú un? Ebi àti ṣúgà ni wọ́n jọ ṣe é, ìfebipani tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọtí ò nílò ebi kó tó di bárakú fún èèyàn. Sìgá náà ò nílò rẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó máa ń jẹ láti àárọ̀. Aago mẹ́fà ló ń jáde nílé lọ gba ọjà ní Ìgbọ̀nà. Tíì, bóyá. Ní ọ̀sán, ẹ̀pà tí ọmọ kan bá ń kiri kọjá. “Ọjà ò jẹ́ kí n ráyè jẹun, àbúrò.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wákàtí 15! Eku Princeton sàn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ fúnra rẹ̀, torí gbogbo oúnjẹ kọ́ ló wà lórí àkọsílẹ̀ yìí. Mi ò tíì rí ẹni tó dìde lóru lọ jí tẹ̀tẹ̀ jẹ. Mi ò sì tíì gbọ́ pé iṣu sísè lásán, láìsí epo láìsí ata, ń pe ẹnì kan lójú oorun. Nígbà tí Gearhardt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní 2015 pé oúnjẹ wo ni wọn ò lè kóra wọn níjàánu nídìí rẹ̀, písà, ṣokoléètì, ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá, bísíkí àti áísìkiriìmù ló ṣíwájú. Kùkúńbà, káróòtì àti ẹ̀wà ló wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Ọjà Ọba ni wọ́n ti béèrè, púfúpúfù, ṣinṣín, búrẹ́dì aládùn àti nudulu ni mo rò pé a máa gbọ́.

Kò sí èròjà kan ṣoṣo tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun ni nicotine inú púfúpúfù. Ibi tí ìjà ti gbóná jù nìyí. Ohun tí wọ́n rí ni àpapọ̀. Ẹ wo oko: ẹyìn ní epo, kò ní ṣúgà tó bẹ́ẹ̀. Ìrèké ní ṣúgà, kò ní epo. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì pọ̀ nínú ohun kan láti oko. Ọmú ìyá ló kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ fún wa, a sì rántí bí ọmọ ṣe ń sunkún nígbà tí wọ́n bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olùwádìí kan gbé èyí yẹ̀ wò ní 2018: wọ́n ní kí àwọn èèyàn na owó lé ìpanu, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Ìpanu tó kó ọ̀rá àti ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà pọ̀ ni wọ́n náwó lé jù, ọpọlọ wọn sì dáhùn sí i ju bí ẹnì kan ṣe máa ro pé ìdáhùn sí ọ̀rá àti ìdáhùn sí ṣúgà á jẹ́ bí a bá rò wọ́n pọ̀.

Yàtọ̀ sí èròjà, bí wọ́n ṣe ṣe é tún ń ṣiṣẹ́. Ní 2019, olùwádìí kan, Kevin Hall, kó èèyàn 20 sínú ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀rá àti páálí; ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè láti inú nǹkan oko. Ìwọ̀n ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ bó bá ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹun ju ti ìgbà kejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bíi kìlógíráàmù kan sanra ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún ń yára jẹ ẹ́. Ohun tó rọ̀ kì í gba jíjẹ lẹ́nu, kí ikùn tó ránṣẹ́ pé “ó tó,” ọ̀fun ti gbé e mì. Àwọn èèyàn 20 yẹn kì í ṣe oníbárakú o. Bí èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n ṣe rí.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan síbí kí n tó kọjá. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ sìgá Philip Morris ra General Foods, ó tún ra Kraft ní 1988. Ọdún 1985 yẹn náà ni R.J. Reynolds, ilé-iṣẹ́ sìgá mìíràn, ra Nabisco tó ń ṣe bísíkí. Mi ò sọ pé wọ́n da tábà sínú bísíkí. Àmọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí nǹkan máa wuni náà ló wà nídìí ìkòkò fún ọdún púpọ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ máa dá ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé ìyá tó ń jẹ búrẹ́dì lórí. Nàìjíríà náà ti fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan mínírà onísúgà nínú òfin ìṣúná 2021. Náírà 10 yẹn ò tíì lé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ kúrò nídìí mínírà.

Àwọn tó ń ta ko ọ̀rọ̀ bárakú oúnjẹ ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọ̀mùtí tó ti wọra, bó bá já ọtí jù sílẹ̀ lójijì láìsí dókítà, ó lè kú. Kò sẹ́ni tí àìrí búrẹ́dì pa bẹ́ẹ̀. Orí fífọ́ tí àwọn kan ń ní tí wọn ò bá mu mínírà dúdú, kafiín inú rẹ̀ ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Èròjà kan náà ló wà nínú obì, ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ ìyá àgbà lọ́jọ́ tí obì bá tán. Wọ́n tún ní a lè sọ fún ọ̀mùtí pé kó má fẹnu kan ọtí mọ́ láé. Ta la máa sọ fún pé kó má jẹun mọ́? Ìdí èyí ni àwọn olùwádìí kan, Hebebrand àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi sọ ní 2014 pé ká yéé pè é ní bárakú oúnjẹ, ká máa pè é ní bárakú jíjẹ: ìwà ló di bárakú bíi tẹ́tẹ́, kì í ṣe oúnjẹ. Èmi ń bá wọn lọ dé ìdajì ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé jíjẹ lásán ni, kí ló dé tí tẹ̀tẹ̀ kì í fi í di bárakú?

Ààwẹ̀ Ramadan náà kọ́ mi ní nǹkan. Òṣogbo kún fún àwọn tó ń gbààwẹ̀ láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́, amusìgá sì wà nínú wọn. Wọ́n ń lè ṣe é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé “o kàn lè fi sílẹ̀, ṣebí o ń gbààwẹ̀.” Gbígba ààwẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí bárakú. Ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ nà sí nígbà ìṣínu ló yẹ kẹ́ ẹ wò.

Kí èèyàn tó pe tirẹ̀ ní bárakú, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ẹni tí ebi ń pa ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń tọ̀ léraléra lóru, tó sì tún ń rù, kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìtọ̀ ṣúgà máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn kan máa ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, cyproheptadine tí àwọn ọmọbìnrin ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra wà lára wọn, oògùn ara yíyún ni, wọn ò ṣe é fún ìdí ńlá. Àìsùn tó náà máa ń fa ebi. Àwọn tó máa ń jẹ ìrẹsì tí wọn ò sè, ẹfun tàbí yìnyín, tí wọn ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ ẹ́, tiwọn tún yàtọ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò ní èròjà irin tó. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí àpò rẹ̀ kì í ṣófo ìrẹsì láti ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì. Wọ́n bú u títí. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni ìrẹsì náà kúrò lọ́kàn rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni lé ẹ̀mí kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé bí àjẹkì náà bá ń bá a jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ojú sì ń tì í, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọ̀ṣun wà nítòsí, kó lọ bá dókítà ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣé orí mi ti dàrú ni?” Mo ní rárá, pé ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ jù, wọ́n á máa tọ pinpin ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ tó kan búrẹ́dì. Kò tíì lọ. Ohun tó gbà láti ṣe ni pé á máa jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kó tó kúrò nílé, á sì máa gbé oúnjẹ ọ̀sán dání nínú kúlà, bí ọjà fẹ́ bí ọjà kọ̀.

Mo lọ kí i lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù, iná ti lọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sórí káńtà. Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ láti apá Ọláìyá, a ti ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi pè é. Ó ra odidi kan, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì lórí páálí mílíìkì, ó na ìdajì sí mi. Ó jẹ tirẹ̀ díẹ̀, ó dá dúró, ó ń wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń wá ihò nínú aṣọ.

“Àbúrò,” ó ní, “ṣé bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ náà nìyí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, búrẹ́dì náà ni.”

Ó tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.